Eyín Tí Màmá Jù Sórí Páànù

Islamiat kò tíì jókòó tó fi bèèrè pé, "Eyín náà dà?"

Ìdùnnú fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀ tó wú. Ó gbé ojú sókè, ó ní, "Ó wà lórí páànù."

"Páànù wo?"

"Páànù ilé wa níbí. Màmá ló jù ú síbẹ̀ lánàá."

Islamiat rọra gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, ilé ìwòsàn eyín kan ní Ring Road ló ti ń ṣiṣẹ́. Nínú ilé tí wọ́n ń gbé ní Baṣọ̀run, yàrá rẹ̀ ló kọjú sí ti Ìdùnnú àti ìyá àgbà rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Màmá. Láti ọjọ́ Ẹtì ló ti lọ kí àwọn òbí rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹnu géètì ni wọ́n sì ti sọ fún un pé Ìdùnnú ṣubú, eyín iwájú rẹ̀ kan sì yọ.

"Ṣé ó kán ni àbí ó yọ pẹ̀lú gbòǹgbò?"

"Odindi ni. Kò kán rárá."

"Yéè!" Islamiat di orí mú. "Ìdùnnú, ká ní ẹ ti sọ eyín yẹn sínú mílíìkì lánàá, kí ẹ sì gbé e wá bá wa kíákíá, dókítà ìbá dá a padà sí àyè rẹ̀. Ó máa ń mú. Ojú mi ló ṣe."

"Ká mú un sọ̀kalẹ̀ nísinsìnyí ńkọ́?"

"Lẹ́yìn tó ti sun orí páànù mọ́jú, tí oòrùn sì ti yan án? Ó ti kú, ọ̀rẹ́ mi."

Màmá wà lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sínú àwo, kò sì ṣa ẹyọ kan mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò gùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ìdùnnú ń gbé omi bọ̀ láti ẹnu ẹ̀rọ, ọkàn rẹ̀ kò sì sí lára omi. Ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Dùgbẹ̀ ti gbà á pé kó máa ka ìtàn fún àwọn ọmọdé ní ìrọ̀lẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀, ó sì ti ń kà á fún wọn nínú ọkàn rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó fi ẹnu gbá etí àtẹ̀gùn. Kó tó dìde, Màmá ti sáré jáde. Ó mú eyín náà nílẹ̀, ó ṣan ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ọn, ó sì ju gbogbo rẹ̀ sórí páànù, ó ń bẹ alángbá pé kó má ṣe rí i, kí tuntun lè hù. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún gbogbo ọmọ tí eyín wọn yọ lójú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá tirẹ̀ ṣe fún un ní Ìkẹ́rẹ́. Ìgbà tí òkúta kan yí gbirigbiri padà sílẹ̀ ló tó rántí pé ẹni tó ń sunkún níwájú òun ti lé ní ogún ọdún, àti pé eyín àgbà kì í hù lẹ́ẹ̀kejì. Kì í ṣe pé kò mọ̀. Ó rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu ọmọ rẹ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣáájú orí rẹ̀.

Ká ní eyín inú ni, bóyá ọ̀rọ̀ náà kò ní dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú eyín méjì tí èjí Ìdùnnú wà láàárín wọn ni. Èjí yẹn, ti Fọláyọ̀ ni: Fọláyọ̀ ọmọ Màmá, ìyá Ìdùnnú, tó kú nígbà tí Ìdùnnú ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo fọ́tò Fọláyọ̀ tó kù nílé, kò sí èyí tó ti rẹ́rìn-ín. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ yà á ló máa ń pa ẹnu dé bíi tíṣà tó ń ṣọ́ ìdánwò. Nítorí náà, bí àárò ọmọ rẹ̀ bá ń sọ Màmá, yóò wá ẹ̀fẹ̀ kan dá. Ìdùnnú yóò rẹ́rìn-ín, Màmá yóò wo ẹnu rẹ̀ dáadáa, yóò sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ìdùnnú mọ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀fẹ̀ náà kì í pani lẹ́rìn-ín rárá, á sì rẹ́rìn-ín síbẹ̀.

Láti àná, Màmá kò dá ẹ̀fẹ̀ kankan.

Ní ọjọ́ Ajé, Islamiat kó àwọn méjèèjì lẹ́yìn lọ sí Ring Road. Dókítà Akínbíyìí, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀, tan iná sẹ́nu Ìdùnnú, ó sì wò ó yíká. Kò tilẹ̀ kọ́kọ́ mẹ́nu kan àyè tó ṣófo.

"Erìgì rẹ ń ṣẹ̀jẹ̀, kì í sì í ṣe ibi tí o ti ṣubú nìkan. Ìgbà wo lo máa ń fọ eyín?"

"Àárọ̀, ma."

"Alẹ́ ńkọ́?"

"Mo máa ń kàwé títí oorun á fi gbé mi lọ."

"Ìwé kì í ba eyín jẹ́. Kí lo máa ń jẹ sí i?"

Islamiat bá a dáhùn láti ẹ̀yìn: "Bisikíìtì ni, Dókítà. Èérún rẹ̀ kún orí bẹ́ẹ̀dì."

"Ọ̀dàlẹ̀," ni Ìdùnnú wí, tòun ti dígí dókítà lẹ́nu.

"Máa fọ̀ ọ́ kí o tó sùn. Máa fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ gba àárín wọn, kí o sì máa wá síbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ká bá ọ fọ̀ ọ́ dáadáa. Ìgbà tí eyín bá ń dunni kọ́ ló yẹ ká tó wá." Ó yíjú sí Màmá. "Ẹ̀yin ńkọ́, Màmá? Ẹ jẹ́ kí n wo tiyín náà."

"Èmi kẹ̀? Pákò ni mo fi ń fọ eyín láti kékeré."

"Pákò dára, Màmá. Ó kàn jẹ́ pé kì í sábà dé ẹ̀yìn." Ó wò ó. "Ẹ ò rí i? Ọ̀kan ti ń mì nísàlẹ̀. Ìdọ̀tí tó ti le bí òkúta ló ń ti erìgì yín sẹ́yìn. Bí a bá tètè kó o kúrò, eyín náà á dúró."

"Àbí kó kúkú yọ," ni Màmá wí. "Ojúgbà mi mélòó ló ṣì ní eyín?"

"Màmá, ẹ má dán an wò o," ni Islamiat wí. "A ò ní páànù tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Baṣọ̀run."

Dókítà yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà rẹ́rìn-ín. Màmá kò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni dókítà wá to àwòrán eyín mẹ́ta sórí tábìlì. Èyí àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní afárá. Wọ́n á họ eyín méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyè náà lọ́tùn-ún lósì títí wọ́n á fi kéré, wọ́n á wá fi eyín àtọwọ́dá mẹ́ta tó so mọ́ra dé gbogbo rẹ̀ lórí. Kì í pẹ́ ṣe, kì í yọ, kì í sì í dí ọ̀rọ̀ sísọ lọ́wọ́. Àmọ́ èjí á dí. Èkejì ni èyí tí à ń yọ, eyín kan lórí ìpìlẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tó lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Wọ́n lè fi èjí sí i. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ onítọ̀hún á dà bíi ti ẹni tó fi èkùrọ́ sẹ́nu, ó sì gbọdọ̀ máa yọ ọ́ fọ̀ lálaalẹ́. Ẹ̀kẹta ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n á rì sínú eegun bíi gbòǹgbò. Òun ló wọ́n jù. Wọ́n á dúró fún oṣù mélòó kan kó lè mú mọ́ eegun kí wọ́n tó gbé eyín lé e. Kò ní fọwọ́ kan eyín mìíràn, èjí á sì wà.

"Àmọ́ erìgì rẹ gbọdọ̀ kọ́kọ́ san," ni dókítà wí. "Inú ẹnu tó ń ṣẹ̀jẹ̀ kọ́ la ti ń ṣe ìyẹn."

"Afárá ni kí ẹ ṣe fún un," ni Màmá wí.

Gbogbo wọn wò ó.

"Ẹnu ló fẹ́ fi ṣiṣẹ́. Oṣù tó ń bọ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ fún un ní èyí tó máa jẹ́ kó sọ̀rọ̀."

"Màmá, èjí ńkọ́?"

"Ọwọ́ mi ni mo fi ju èjí náà dànù." Kò wo ojú Ìdùnnú. "Mi ò ní fi iṣẹ́ rẹ kún un."

Dókítà ní kí wọ́n lọ sílé lọ rò ó.

Nínú takisí tó gbé wọn padà, Màmá kọjú sí fèrèsé. Ìdùnnú ń fi ahọ́n kan eyín méjì tó gbá àyè náà mọ́ra. Wọ́n dúró ṣinṣin. Wọn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, afárá sì fẹ́ fi wọ́n san gbèsè ẹ̀kẹta wọn tó yọ. Ó wá fojú inú rí yàrá rédíò náà, ẹ̀rọ gbohùngbohùn níwájú rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń fọn súfèé. Ó rí àwọn ọmọ tó ń gbọ́ ọ káàkiri Ìbàdàn, ní Agbowó, ní Bódìjà, ní Challenge. Ìdajì wọn ni eyín iwájú kò sí lẹ́nu wọn. Ta ni nínú wọn tó máa bú u?

Nígbà tí wọ́n délé, ó pe Láńre, ẹni tó ń ṣe ètò àwọn ọmọdé ní ilé iṣẹ́ rédíò náà. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ka nǹkan kan kí n gbọ́," ni Láńre wí.

Ìdùnnú ka gbólóhùn mẹ́ta. Súfèé dún nínú méjì.

"Hẹ̀n. Kò burú o, ó kàn dà bí ẹni tó ń pe ajá." Ó rẹ́rìn-ín. "Máa kà á sókè nílé lójoojúmọ́ tí eyín àtọwọ́dá náà bá ti wọlé. Bí kò bá tíì já geere nígbà tí oṣù bá bẹ̀rẹ̀, a ó sún ọ síwájú. Mi ò lè ṣèlérí pé ẹlòmíràn ò ní gba àyè náà."

"Ó yé mi, sà. Ẹ ṣé."

Ó bá Màmá nínú yàrá, lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó jókòó tì í, ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ láìfi ọwọ́ bo ẹnu.

"Màmá, mi ò ní ṣe afárá. Eyín méjì yẹn dára, mi ò ní jẹ́ kí wọ́n họ wọ́n. Èyí tí à ń yọ ni n óò kọ́kọ́ lò, n óò sì ní kí wọ́n fi èjí sí i. N óò tọ́jú erìgì mi títí á fi san, lẹ́yìn náà n óò ṣe èyí tí wọ́n ń rì sínú eegun. Bí rédíò bá dúró dè mí, ó dáa. Bí wọn ò bá dúró, n óò wá iṣẹ́ mìíràn. Kì í ṣe tìtorí yín nìkan. Èmi náà máa ń wo èjí yẹn nínú dígí, Màmá, mo sì fẹ́ ẹ padà."