Ìjókòó Kan Nínú Bọ́ọ̀sì Akúrẹ́

Ọdún méjì gbáko ni Cornelius fi bẹ àwọn aláṣẹ Ìgboyà kí wọ́n tó gbà láti máa bá àwọn alátìlẹ́yìn san nínú owó ọkọ̀. Ìgboyà ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Iléṣà. Kì í ṣe ẹgbẹ́ ńlá, ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ bí ìyá ṣe ń fẹ́ràn ọmọ tó ń fún un ní wàhálà. Cornelius, tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní iṣẹ́ igi kó tó fẹ̀yìn tì, ni alága àwọn alátìlẹ́yìn náà. Tíṣà ni gbogbo wọn ń pè é.

Kì í ṣe torí ara rẹ̀ ló ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Àjàgbé, tó máa ń tún bàtà ṣe lẹ́bàá ọjà. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Ìgboyà sílẹ̀, Àjàgbé kò pa ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan jẹ, ìbáà jẹ́ nílé, ìbáà jẹ́ lẹ́yìn odi. Nígbà tí epo bẹntiróòlù wọ́n, tí owó ọkọ̀ fò sókè, àwọn tó ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ náà lọ sí ìlú mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Àjàgbé kò dúró. Ó bẹ awakọ̀ kan tó ń kó pákó lọ sí Oǹdó, ó gun orí pákó, ọkọ̀ akẹ́rù náà sì dojú dé kó tó dé ibẹ̀. Àwọn agbábọ́ọ̀lù kò mọ̀ pé ó ti kú títí wọ́n fi gbá bọ́ọ̀lù wọn tán. Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyàwó rẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn bi Cornelius bóyá àwọn tí ọkọ òun ń sáré tẹ̀ lé kiri yìí tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí lẹ́tà dé pé láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà tuntun, ẹgbẹ́ yóò máa háyà bọ́ọ̀sì kan lọ síbi gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìta, tí yóò sì san ìdá méjì nínú mẹ́ta owó rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni Cornelius ka lẹ́tà náà sétí Adétọ́lá ìyàwó rẹ̀. Ìrìnàjò àkọ́kọ́ dùn bí ọdún. Àwọn ìyá tí kò rí Ìgboyà lẹ́yìn odi rí bá wọn lọ, bàbá arúgbó kan sì kọrin láti Iléṣà títí dé Adó. Jùwọ́n, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ẹgbẹ́ fi ṣe akọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ àwọn alátìlẹ́yìn, a máa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ pẹ̀lú ìwé orúkọ lórí itan. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ó máa ń bá àwọn àgbà gbé báàgì.

Lára àwọn tó ń wá bá wọn láti Òṣogbo ni Fákẹ́mi, tí Cornelius máa ń pè ní Ìyá Ọmọ́tárá. Aránṣọ ni, ní Òkè-Baálẹ̀, ó sì tó ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta. Ọlọ́ṣun ni ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ Alájì. Ó máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ọ̀rọ̀ Ìgboyà nìkan ni wọn kò jiyàn lé lórí nílé àwọn. Àbúrò rẹ̀, Awóyẹmí, ló ń gbá ẹ̀yìn lápá òsì fún Ìgboyà. Ní oṣù kejì sáà náà, agbábọ́ọ̀lù alátakò kan fi ẹsẹ̀ gbá Awóyẹmí lórúnkún níwájú gbogbo èrò pápá Iléṣà. Ẹgbẹ́ san owó àwòrán tí wọ́n yà ní ọsibítù. Dókítà ní iṣan tó di orúnkún náà mú ti já, iṣẹ́ abẹ ló máa tún un ṣe, kò sì gbọdọ̀ pẹ́. Ẹgbẹ́ ní àwọn ti gbọ́. Oṣù mẹ́ta kọjá. Awóyẹmí ń fi igi méjì rìn láti yàrá dé ẹnu ọ̀nà.

Ní Ọjọ́rú tó ṣáájú ìrìnàjò Akúrẹ́, Fákẹ́mi wá bá Cornelius nílé. Ó ṣàlàyé ibi tí ọ̀rọ̀ dé: àwọn aláṣẹ tó ń pè kì í gbé fóònù mọ́. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn alátìlẹ́yìn fi ohùn kan bá òun sọ ọ́, torí ẹgbẹ́ lè ti ilẹ̀kùn mọ́ aránṣọ kan, wọn kò lè tì í mọ́ èrò tó kún bọ́ọ̀sì. Cornelius gbọ́ ọ dáadáa. Àánú Awóyẹmí ṣe é lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ni ọkàn rẹ̀ lọ sí.

"Ìyá Ọmọ́tárá," ó ní, "ẹ jẹ́ kí sáà yìí parí ná. Tí a bá gbé ariwo dìde báyìí, bọ́ọ̀sì yìí ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ wa."

Fákẹ́mi ní òun ti gbọ́. Ó dúpẹ́ omi tí Adétọ́lá gbé fún un, ó sì lọ.

Ní Akúrẹ́, àwọn onílé ló kọ́kọ́ jẹ góòlù. Lẹ́yìn ìsinmi, Ìgboyà dá a padà, gbogbo àwọn ará Iléṣà sì fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí wọ́n padà jókòó, Fákẹ́mi kò jókòó. Ó fa aṣọ funfun kan yọ nínú báàgì rẹ̀, ó sì ta á sórí irin tó wà níwájú wọn. Ó ti gé lẹ́tà láti ara aṣọ pupa, ó sì rán wọn mọ́ ọn létí-létí, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó mọṣẹ́. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni: ORÚNKÚN AWÓYẸMÍ ŃKỌ́?

Kò pariwo. Ó kàn di etí aṣọ náà mú. Agbábọ́ọ̀lù Ìgboyà kan tó wà nítòsí rí i, ó gbé ọwọ́ sókè sí i, ó sì tètè sọ ọ́ kalẹ̀. Àwọn ọmọ Akúrẹ́ tó wà lódìkejì ń fi fóònù yà á. Cornelius jókòó lẹ́yìn wọn díẹ̀. Ó rí Jùwọ́n tó fi fóònù sétí, tó ń jáde lọ síbi tí ariwo kò sí. Ọ̀mì ni wọ́n gbá.

Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀sì gbéra. Ẹnikẹ́ni kò kọrin. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ oríta Ikeji-Arakeji, fóònù Jùwọ́n dún. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" ló ń tún wí ṣáá. Lẹ́yìn náà ó ní kí awakọ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó dìde, ó kọjú sí àwọn èrò, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò gbé ibì kan. Ó ní àwọn aláṣẹ sọ pé alátìlẹ́yìn ni àwọn ń bá san owó ọkọ̀, àwọn kò lè máa sanwó fún ẹni tó ń dójú tì wọ́n. Kí ẹni tó gbé aṣọ sókè sọ̀ kalẹ̀. Tí kò bá sọ̀ kalẹ̀, kí gbogbo ọkọ̀ mọ̀ pé ìrìnàjò ìkẹyìn rèé.

Kò wo Fákẹ́mi. Cornelius ló ń wò. Gbogbo ọkọ̀ náà ló ń wo Cornelius.

Lẹ́yìn náà, Cornelius máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé òun kò rò ó kí òun tó sọ̀rọ̀. Irọ́ ni, ó sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ó rò ó. Ó rò ó pé ilẹ̀ kò tíì ṣú tán, pé ọkọ̀ ń kọjá lójú ọ̀nà náà, pé ẹnì kan péré ni Fákẹ́mi, àwọn tó kù sì jẹ́ mẹ́tàlélógún. Ó rántí pákó tó fọ́n káàkiri ojú ọ̀nà Oǹdó. Ó wá dìde, ó di ẹ̀yìn ìjókòó mú.

"Ìyá Ọmọ́tárá, ẹ jọ̀ọ́," ó ní. "Ẹ bá wa sọ̀ kalẹ̀."

Ó na owó sí i pé kó fi wọ ọkọ̀ dé ilé. Fákẹ́mi kò gbà á. Ó gbé báàgì rẹ̀ mọ́ra, ó ní kí bàbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun kọjá, ó sì sọ̀ kalẹ̀ láìkánjú. Bọ́ọ̀sì tún gbéra. Títí wọ́n fi dé Iléṣà, ẹnikẹ́ni kò bọ́ sí àyè rẹ̀, bàbá yẹn sì fún ara sí etí ìjókòó tirẹ̀ bí ẹni pé nǹkan dà sórí ìjókòó náà.

Adétọ́lá gún iyán dè é. Cornelius fọwọ́, ó bu òkèlè kan, ó sì dá a padà sínú abọ́. Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Adétọ́lá kò gbé ohùn sókè. Ó bi í pé ta ló sọ fún obìnrin náà pé kó sọ̀ kalẹ̀, ṣé Jùwọ́n ni.

"Èmi ni," ó ní.

Adétọ́lá bo abọ́ iyán náà, ó gbé e kúrò níwájú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni Cornelius pe fóònù Fákẹ́mi, ó ń dún, wọn kò gbé e. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì tó ti ń lọ láti kékeré, ó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, kò sì lè sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ìwàásù nígbà tó délé.

Lọ́jọ́ Ajé, ó lọ sí Òkè-Baálẹ̀. Awóyẹmí ló kọ́kọ́ bá lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú igi méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ó ti múra de ìbínú ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Awóyẹmí ń bínú sí. Òun kò mọ̀ nípa aṣọ kankan, ó ní. Ẹgbẹ́ ti ránṣẹ́ sí òun pé àwọn fẹ́ tọ́jú òun tẹ́lẹ̀ o, àwọn ti yọ orúkọ òun báyìí. Ẹ̀gbọ́n òun rán orúkọ òun sára aṣọ láìbi òun, ó ní, bí ẹni ń kéde òkú.

Fákẹ́mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìdí máṣíìnì rẹ̀. Ó jáde sí wọn. Ó ní òun dúró tó wákàtí kan ní oríta yẹn kí obìnrin kan tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí Òṣogbo tó gbé òun. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ròyìn ìrìnàjò ẹlòmíràn. Cornelius bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, Fákẹ́mi sì di èjìká rẹ̀ mú.

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Tíṣà, ẹ jù mí lọ," ó ní. "Àwọn ló ni ọkọ̀, wọ́n lè lé mi. Ṣùgbọ́n ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ."

Cornelius fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ Àjàgbé fún un. Ó wá rí i pé òkú ọ̀rẹ́ òun lòun fẹ́ fi bojú, ó sì fi í sílẹ̀. Fákẹ́mi bi í pé kí ló fẹ́ ṣe nígbà tí ọkọ̀ bá tún fẹ́ gbéra. Cornelius ní òun yóò pe ìpàdé àwọn alátìlẹ́yìn.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ṣe ìpàdé náà, nínú kíláàsì kan tí wọ́n máa ń yá. Cornelius jẹ́wọ́ fún wọn pé ohun tí òun ṣe kò dára. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má wọ bọ́ọ̀sì náà mọ́, àfi tí ẹgbẹ́ bá gbé Awóyẹmí lọ fún iṣẹ́ abẹ. Elisha, àkọ́bí Àjàgbé, tó ti di géńdé tó ń fi ẹ̀rọ ṣe búlọ́ọ̀kù tà, ló dìde.

"Tíṣà, owó ọkọ̀ ló pa bàbá mi," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ gba ọkọ̀ yìí fún wa. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín gbà á padà."

Wọ́n ní kí àwọn tó fara mọ́ ọ̀rọ̀ Cornelius nawọ́. Ọwọ́ mẹ́rin ló gòkè, ti òun fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó gbé ipò alága sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì fi Elisha jẹ. Cornelius bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì kí i. Kò rí ẹ̀bi nínú ohun tí ọmọ náà sọ, ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kó sùn.

Ìbàdàn ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìta tó tẹ̀ lé e. Bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ kún. Àwọn mẹ́rin náà àti Fákẹ́mi wọ ọkọ̀ èrò ní gáréèjì, oníkálùkù san tirẹ̀ lápò ara rẹ̀. Nínú pápá, Cornelius di etí kan aṣọ funfun náà mú, Fákẹ́mi di èkejì. Àwọn tó wá pẹ̀lú bọ́ọ̀sì jókòó jìnnà sí wọn. Àwọn kan nínú wọn ń kí i láti ọ̀nà jíjìn, àwọn kan ń wo ibòmíràn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ pé Cornelius kò gbọdọ̀ tẹ pápá Iléṣà títí sáà yóò fi parí. Jùwọ́n ló mú un wá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fún un, kò lè jókòó.

Fídíò aṣọ náà ti ń kiri nígbà yẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, balógun Ìgboyà àti àwọn agbábọ́ọ̀lù kọ̀, wọn kò jáde wá ṣe ìdánrawò láàárọ̀ ọjọ́ kan nítorí ọ̀rọ̀ Awóyẹmí. Kí ọjọ́ tó lọ, àwọn aláṣẹ ní àwọn yóò sanwó iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ṣe é, ó sì yọrí. Ṣùgbọ́n dókítà sọ pé ó ti pẹ́ jù: Awóyẹmí yóò rìn dáadáa, yóò lè sáré díẹ̀, kò ní lè gbá bọ́ọ̀lù líìgì mọ́ láéláé. Ẹgbẹ́ fún un ní iṣẹ́ pé kó máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní bọ́ọ̀lù. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n béèrè ni pé kó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nínú fídíò.

Cornelius wà ní ṣọ́ọ̀bù Fákẹ́mi lọ́jọ́ tí fídíò náà jáde. Awóyẹmí wọ jẹ́sì tuntun. Ó ní baba àti ìyá ni Ìgboyà jẹ́ fún òun, ó ní kí àwọn tó ń fi orúkọ òun jà lọ sinmi. Fákẹ́mi wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dojú fóònù dé orí tábìlì. Nígbà tó yá, Fákẹ́mi ní àbúrò òun gbọ́dọ̀ jẹun, òun kò sì ní bá a jà lórí rẹ̀.

Ìgboyà ń lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Adó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìta nìkan ló kù tí Cornelius lè wò. Ó bi í bóyá ó ṣì ń lọ.

Fákẹ́mi ti aṣọ tó ń rán padà sábẹ́ abẹ́rẹ́. Ó ní òun ń lọ. Ó ní kí Tíṣà tètè dé gáréèjì, torí ọkọ̀ Adó kì í yára kún lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.