Omi Tí Èmi àti Ìyàwó Mi Jọ Mu

Oṣù mẹ́jọ ni ìyàwó mi ti wà nílé àbúrò rẹ̀ obìnrin. Àbúrò náà ló pè mí ní púrúǹtù lójú ọmọ mi, tí ìyàwó mi sì rẹ́rìn-ín. Lóòótọ́, pírámárì mẹ́ta ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n bírìkìlà ni mí, ilé tí mo bá kọ́ kì í wó. Mo yan ìyàwó mi lódì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó di ẹrù rẹ̀, mò ń wò ó.

Nígbà tí ọmọ wa sọ fún mi pé jẹjẹrẹ ti mú ìyá òun lọ́rùn ilé ọmọ, mo ní kó bá mi kí i. Ẹnu mi ò gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láràárọ̀, garawa omi ìwẹ̀ méjì ni mo ṣì ń pọn, tèmi àti ti ìyàwó mi. Tirẹ̀ ni mo fi ń po sìmẹ́ǹtì.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ wa tún dé. Ó ní ọsibítù ti dá ìyá òun padà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ tan ìtànṣán tó ń pa jẹjẹrẹ sí i nísàlẹ̀ ikùn, ó gbọ́dọ̀ mu ife omi mẹ́rin, kó má sì tọ̀. Àpò ìtọ̀ tó kún ló ń ti ìfun sókè. Bí kò bá kún, ìfun á wálẹ̀, ìtànṣán á jó o. Ilé àbúrò rẹ̀ jìnnà, ọ̀nà rí gbágungbàgun, kò lè mú un mọ́ra dé ibẹ̀. Dókítà ti kìlọ̀ pé ìtọ́jú náà kò gbọdọ̀ máa dáwọ́ dúró bẹ́ẹ̀.

Ó yé mi kíá. Tí a bá da kọnkéré sí àjà òkè, igi la fi ń tì í. Yọ igi kí ó tó gbẹ, kí o wò ó. Ilé mi kò sì ju òpópónà méjì sí ọsibítù. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi kò ní bẹ̀ mí, èmi náà ò ní bẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo ti gbé kẹ́tùlù omi àti ife méjì jókòó sí ọsibítù kí ìyàwó mi àti àbúrò rẹ̀ tó dé. N kò kí àbúrò rẹ̀. Ìyàwó mi tún ti tọ̀ lójú ọ̀nà. Òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ ìtànṣán ní kó mu omi míì, àwọn á fi í ṣe ìkẹyìn. Ìyàwó mi ní ó ti sú òun, kí wọ́n kúkú jó ìfun náà.

Mo bu tirẹ̀, mo bu tèmi.

“Kí lo fẹ́ fi tìẹ ṣe?”

“Èmi náà ò ní tọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dìde ló jẹ̀bi.”

“Ẹ̀bi kí ni?”

“Gbogbo ẹ̀.”

Ó wò mí, ó gbé ife, ó dà á mu. Àbúrò rẹ̀ pòṣé, ó ní àgbàlagbà ń ṣe bí ọmọdé.

Wákàtí kan la fi jókòó. Ọṣẹ tí kì í ṣe tilé wa ló ń ta sánsán lára rẹ̀. Ó ṣe mí bíi kí n sún mọ́ ọn, ìdí mi ò gbéra.

Wọ́n pè é, ó dìde. Mo ní ó ti jẹ̀bi.

“Wọ́n pè mí ni. Èmi kọ́ ni mo dìde.”

Láìpẹ́, òṣìṣẹ́ náà yọjú, ó ní àpò ìtọ̀ ti kún, ìfun ti gòkè, àwọn ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ìyàwó mi jáde, mo sọ fún un pé omi wà nílé, ilé ò sì jìnnà. Ó wọ ọkọ̀ pẹ̀lú àbúrò rẹ̀. Kí wọ́n tó gbéra, ó yọ orí.

“Aago mẹ́jọ ni wọ́n fi sí lọ́la.”

Kò ní kí n wá. Aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì ti bá mi ní ọsibítù.