Ìlà Mẹ́ta Nínú Tẹlifíṣọ̀n Bàbá Bọ́ọ̀sì

Ogún ọdún ni mo ti ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe, ẹnu mi sì mú ju irinṣẹ́ mi lọ. Wáyà ni wọ́n ń pè mí. Bí oníbàárà bá pè mí pé àwòrán òun kò dáa mọ́, tí mo dé ibẹ̀ tí mo rí i pé kò sí nǹkan kan tó ṣe é, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo máa ń sọ: "Ojú yín ni, kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá kó irinṣẹ́ mi, ó di ilé. Àìmọye èèyàn ni mo ti sọ ọ́ fún. Ìgbà kan ṣoṣo tó jẹ́ òótọ́, ó há mi lọ́fun.

Ilé Bàbá Bọ́ọ̀sì ló ti ṣẹlẹ̀. Bàbá yìí ló ń wa bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn ọmọ àdúgbò wa lọ sílé-ìwé, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún méje, sì wà lára wọn. Ẹ̀yìn dírẹ́bà gan-an ló máa ń jókòó sí. Èèyàn dáadáa ni bàbá náà, àmọ́ kì í gba àríyànjiyàn. Nínú ilé rẹ̀, ohun tó bá ti sọ, abẹ gé e. Bó bá ní òjò máa rọ̀, ìyàwó rẹ̀ á lọ ká aṣọ tútù kúrò lórí okùn nínú oòrùn gangan. Akọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, àgbàlagbà tó ń kọ́ni ní ìṣirò, tó ṣì ń gbé lọ́dọ̀ wọn, kò mọ ìdáhùn mìíràn ju "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" lọ.

Tẹlifíṣọ̀n wọn wà lára àwọn gbàǹgbà ayé àtijọ́, tó fẹ̀ bíi kọ́bọ́ọ̀dù, tó sì ga tó ọmọ mi. Túùbù mẹ́ta ló wà nínú ikùn rẹ̀: ọ̀kan ń tan ìmọ́lẹ̀ pupa, ọ̀kan àwọ̀ ewé, ọ̀kan búlúù. Wọ́n á ju ìmọ́lẹ̀ náà sára dígí ńlá kan lẹ́yìn, dígí á dá a padà síwájú fún ẹni tó ń wò ó. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bọ́ sójú kan náà, àwòrán á mọ́ kedere. Bí wọn kò bá bára mu, ẹni tó ń ka ìròyìn á máa ní òjìji pupa létí kan, òjìji búlúù létí kejì. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le. O kàn máa tẹ ibi kan, ìlà funfun kan á jáde. Bí ohun gbogbo bá gún, ìlà kan lo máa rí. Bí kò bá gún, mẹ́ta.

Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n pè mí, tẹlifíṣọ̀n náà jẹ̀bi lóòótọ́. Túùbù pupa ti yẹ̀, omi tó ń mú kí àwọn túùbù tutù sì ti dàbí omi tí wọ́n fi fọ aṣọ ìnulẹ̀. Mo fa omi yẹn dànù sínú kẹ́ẹ̀gì, mo rọ tuntun sí i, mo fi aṣọ rírọ̀ nu dígí rẹ̀, mo sì tò wọ́n fún wákàtí méjì títí ìlà náà fi di ẹyọ kan tó mú bí abẹ́rẹ́.

"Ẹ wò ó, Bàbá," mo wí. "Ìlà kan."

Bàbá Bọ́ọ̀sì wò ó. "Mẹ́ta ni."

Mo yíjú sí ìyàwó rẹ̀ tó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. "Mẹ́ta ni," lòun náà wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Mo yíjú sí olùkọ́ ìṣirò. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ó sọ fún bàbá rẹ̀. "Mẹ́ta."

Mo tún padà lọ lẹ́ẹ̀kejì, mo lọ lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀kẹrin, mo tú u títí kò fi ku nǹkan kan tí mo lè tú mọ́. Ìlà kan ni mo rí, mẹ́ta ni gbogbo ilé rí. Ẹ̀rù wá bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Ẹni mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ń fi kíkà jẹun, ṣé gbogbo wọn lè ṣì í kà? Mo gba ilé ìwòsàn ojú lọ. Dókítà yẹ ojú mi wò, ó ní ojú mi kò ní nǹkan kan, ó wá ní, "Àwọn tó ń rí mẹ́ta ni kó o mú wá fún mi."

Mo ti pinnu nígbà yẹn pé wọ́n kàn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn, ọmọ mi dé láti ilé-ìwé, ó ní bọ́ọ̀sì gun ibi táwọn èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn, àti pé Bàbá Bọ́ọ̀sì ní òpó iná ló sún sí òun. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ̀rín yẹn ń tì mí lójú dòní olónìí.

Láàárọ̀ Sátidé, mo mú páálí méjì dání, mo padà lọ síbẹ̀. Mo ṣí ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n náà, mo fi páálí kan bo túùbù pupa, mo fi èkejì bo búlúù. Ó wá ku ẹyọ kan tó ń tan ìmọ́lẹ̀ ewé. Bí o bá fi tọ́ọ̀ṣì kan tan ògiri, ojú iná kan lo máa rí, ọba kankan kò lè sọ ọ́ di mẹ́ta. Mo gbé ìlà àyẹ̀wò jáde, mo pe gbogbo wọn jókòó. Kí ọwọ́ mi lè tẹ̀ wọ́n dáadáa, mo ní kí olùkọ́ kọ́kọ́ sọ iye tó rí.

Olùkọ́ wo ojú ìlà, ó wo ojú bàbá rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí Bàbá kọ́kọ́ sọ," ó wí.

"Mẹ́ta," ni Bàbá Bọ́ọ̀sì wí. "Gbogbo wọn ti wá di àwọ̀ ewé báyìí. Wáyà, o tún ti bà á jẹ́ sí i."

"Mẹ́ta," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mẹ́ta, àwọ̀ ewé."

Inú mi dùn kọjá ibi tó yẹ. Mo pe olùkọ́ àti ìyá rẹ̀, mo fi páálí méjèèjì hàn wọ́n, mo ṣàlàyé ohun tí mo ṣe. Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà ara rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ìyá dúró nínú aṣọ. Mo ti la ẹnu láti sọ ọ̀rọ̀ mi tí mo máa ń sọ nígbà tí mo rí i pé Bàbá Bọ́ọ̀sì kò gbọ́ ohun tí mò ń sọ rárá. Ó ti tẹ̀ síwájú lórí àga, ó ń fi ìka kà á: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì ń mì lórí ìka náà bó ti ń kà.

Mo rántí òpó iná. Mo rántí ibi tí ọmọ mi máa ń jókòó sí.

"Bàbá," mo wí, "ìlà kan ni."

"O ń pè mí ní òpùrọ́ nínú ilé mi?"

"Rárá o, sà. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò parọ́ nínú yàrá yìí."

Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ìyá ọmọ mi, mélòó ni?"

Obìnrin náà ká aṣọ tó ń rán sórí itan rẹ̀. "Kan ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ tún un ṣe."

"Kí ló dé tó o wá ń sọ mẹ́ta?"

"Ẹ̀yin lẹ ní mẹ́ta."

Bí ẹni sọ pé ẹ̀yin lẹ ní ká ti fèrèsé ló ṣe sọ ọ́. Inú bí mi sí wọn, mi ò lè purọ́. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń bù fún un yẹn, díẹ̀ ló kù kó pa ọmọ mi. Inú sì bí mi sí ara mi náà, torí pé tẹlifíṣọ̀n ni mo tú nígbà mẹ́rin, mi ò wo ojú ẹni tó ń wò ó lẹ́ẹ̀kan.

Bàbá Bọ́ọ̀sì yọ kọ́kọ́rọ́ lórí ìka rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó yọ. Ó gbé e lé orí tẹlifíṣọ̀n, ó ní kí ọmọ rẹ̀ pe ọ̀gá ilé-ìwé kí wọ́n wá dírẹ́bà mìíràn di ọjọ́ Ajé.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni olùkọ́ wí.

"Kẹ́ ẹ sì gbé nǹkan yìí kúrò nílé mi."

Mo ṣàlàyé fún un pé kò sí tẹlifíṣọ̀n tó gún tó o ní gbogbo àdúgbò. Ó ní òun ò fẹ́ rí i mọ́. Abẹ gé e nìyẹn. Kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn lè jù sórí ààtàn, nítorí òjé wà nínú gíláàsì àwọn túùbù yẹn, omi inú rẹ̀ sì dùn lẹ́nu, ajá tó bá lá a kú nìyẹn. Ibi tí wọ́n ti ń tú ohun èlò iná àtijọ́ la gbọ́dọ̀ gbé e lọ. Kò gba ẹnu ọ̀nà. Mo tú u sí méjì, èmi àti olùkọ́ gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ mi, olùkọ́ jókòó tì í. Mo sọ fún Bàbá ohun tí dókítà ojú wí, pé kí n mú ẹni tó ń rí mẹ́ta wá. Kò jiyàn. Ó jókòó níwájú, ní ìhà tí kò sí ìdarí ọkọ̀, ìyàwó rẹ̀ há sáàárín wa. Jálẹ̀ ọ̀nà, gbogbo ibi tí mo bá ti tẹ bíréèkì lòun náà ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀.

A kọ́kọ́ dúró níwájú ilé ìwòsàn. Àtẹ̀gùn wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Bàbá Bọ́ọ̀sì dúró síwájú rẹ̀, ó wò ó títí.

"Àtẹ̀gùn mélòó ló wà níwájú mi?"

"Iye tẹ́ ẹ bá ti rí ni, sà," ni olùkọ́ ìṣirò dáhùn láti ẹ̀yìn ọkọ̀.

Ìyá rẹ̀ yíjú wò ó, ó sì yára gbé ojú kúrò. Lẹ́yìn náà ló di ìgúnpá ọkọ rẹ̀ mú.

"Márùn-ún ni," ó wí. "Márùn-ún péré."

Bàbá Bọ́ọ̀sì gbé ẹsẹ̀ lé èkíní, ó dúró dè é kó ka èkejì fún òun.