Páálí Ìsàlẹ̀

Ràúdátù gbé ìdì àwọ̀n ẹ̀fọn tó kẹ́yìn kúrò nílẹ̀ sítọ̀ oògùn, ó sì bá páálí náà níbi tó fi í sí. Ó mọ̀ pé ibẹ̀ ló wà. Oògùn ibà ọmọdé ni, ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sí i lára sì ti kọjá láti oṣù tó lọ.

Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń tọ́jú oògùn àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò ní Gàmbàrí. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ pé a kì í bu ìrẹsì tán nínú àpò. Ẹ̀kúnwọ́ kan gbọ́dọ̀ kù nísàlẹ̀, kí àlùbáríkà má baà sá lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa ń fi páálí kan pamọ́ nísàlẹ̀, bí oògùn yòókù bá tiẹ̀ tán. Kò tà á rí, kò jí i rí.

Nígbà òjò tó kọjá, Màsúdát, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà, sáré wọlé. Ó ní ara ọmọ Asabe, obìnrin Háúsá àdúgbò wọn, gbóná bí iná, oògùn sì ti tán lọ́wọ́ òun. Ràúdátù wò ó lójú, ó ní, “Ó ti tán. Ẹrù á dé lọ́la, tí Ọlọ́hun bá fẹ́.” Kí wọ́n tó rí òmíràn rà l'Ọ́jà-Ọba, gìrì ti pa ọmọ náà. Ẹrù dé lọ́jọ́ kejì lóòótọ́.

Láti ìgbà náà, bó bá ti ṣílẹ̀kùn sítọ̀ yìí, á máa gbọ́ ọmọ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn àwọn páálí. Ó ti ké Àlùkùránì síbẹ̀ títí, kò lọ. Ẹ̀rù ń bà á, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

“Àsàlámù àlékùn! Ìyá Sítọ̀, ṣé páálí lẹ fẹ́ jẹ lọ́sàn-án yìí ni?” Màsúdát ló wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín. “Asabe ní kí n kí yín.”

“Ó ń kí mi?”

“Ó ṣì ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé òun ò tètè pè mí. Mo ní kò sóògùn níbí lọ́jọ́ náà, pé ẹ ò lè parọ́ fún mi.”

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Òtítọ́ tibí yìí ò tiẹ̀ sáré. Ilẹ̀ ló jókòó sí.

“Ó wà,” ni Ràúdátù wí.

“Kí ló wà?”

“Oògùn. Lọ́jọ́ tó o wá.” Ó ti páálí náà sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé ìyá rẹ̀, àpò ìrẹsì, àlùbáríkà. Ọ̀rọ̀ náà ò dùn létí òun fúnra rẹ̀.

Màsúdát lóṣòó, ó ṣí páálí. Ó kún dẹ́nu.

“Ọ̀kan ni mo tọrọ,” ó ní. Kò pariwo. Ó dìde. “Ẹ ó bá mi lọ. Ẹnu yín ni Asabe á ti gbọ́ ọ.”

Asabe ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Bó ti rí wọn, kíá ló tẹ́ ẹní. “Sannu, Ìyá Sítọ̀! Ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ wa. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n bu omi wá.”

Ràúdátù ò jókòó. Gbogbo ọ̀nà ló ti fi ń wá ohun tí yóò fi tù ú nínú. Ó wá yé e pé ohun kan ṣoṣo lòun ní láti fún un: ẹlòmíràn tí yóò máa dá lẹ́bi.

“Asabe,” ó ní, “má bu omi wá.”