Dígí Oòrùn Lẹ́bàá Ojú Asimawu

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Gbénró olóòlà gé egbò náà kúrò ní ẹ̀bátí Asimawu, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló tún hù padà. Ẹni tó bá ní kí èkuru tán kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo, ṣùgbọ́n Gbénró ní tirẹ̀ gé e, ó ní ó ti tán, ó sì fi gbòǹgbò rẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹran. Àfín ni Asimawu. Ogójì ọdún ló fi ń sá aṣọ aró sí oòrùn Òkè-Sopen, oòrùn náà sì ń sá òun alára. Jẹjẹrẹ ni wọ́n ń pe irú egbò bẹ́ẹ̀. Ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí ojú ọ̀tún, ojú tó fi ń mọ aró tó jinná. Ẹ̀rù ń bà á, kò sì fi pamọ́.

Ọdún kẹfà lẹ́yìn tí òyìnbó fi ogun wọ Ìjẹ̀bú ni Akínbọ́lá dé láti Èkó, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́jú aláìsàn fún ìjọ. Ó ní àwọn dókítà òkè òkun ti ń dán ìmọ́lẹ̀ wò lára egbò tí kò gbọ́ ti ọ̀bẹ. Òun kò ní ẹ̀rọ wọn. Dígí kan tó ń kó oòrùn jọ sójú kan ló ní, àti awọ ewúrẹ́ tó dá ihò sí, kí iná náà má bàa ta sí ibòmíràn.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n fi jó gbogbo rẹ̀ báyìí, kó tó dé ojú," ló wí. "Ṣùgbọ́n mi ò lè búra pé yóò san."

Asimawu fi í rẹ́rìn-ín. "Yèsí ń ri odindi aṣọ sínú aró tí kò tíì dán wò? Àjákù la kọ́kọ́ ń rì. A ó sá a, a ó wò ó bóyá àwọ̀ rẹ̀ yóò ṣí. Jó ti ẹ̀bá etí. Fi ti ẹ̀bá ojú sílẹ̀ fún oṣù méjì."

Akínbọ́lá bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Ta ni yóò kọ́ aláró níṣẹ́ níwájú ìkòkò rẹ̀?

Bí oòrùn bá ti kàn tàrí, Akínbọ́lá á gbé dígí, Asimawu á fi eyín di aṣọ mú, omijé á máa dà. Nígbà tí oṣù méjì pé, ẹ̀bá etí gbẹ, awọ tuntun bò ó. Inú ìyá yìí dùn débi pé ó ń pe àwọn aláró ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá wò ó.

"Kò ṣí!" ló ń wí. "Ó yá, ri odindi aṣọ wàyí!"

Akínbọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka fa ìpéǹpéjú ọ̀tún, kò ṣeé fà mọ́.

"Ìyá, ó ti wọ ibí. Bí mo bá gbé dígí síbẹ̀, ojú yóò bá a lọ. Bí mi ò bá gbé e, egbò yóò jẹ ojú náà, yóò sì jẹ kọjá rẹ̀."

Aṣọ lè dúró de aláró lórí okùn fún oṣù méjì. Asimawu ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé egbò kì í dúró. Inú bí i sí ara rẹ̀, ó sì sunkún gidi. Nígbà tó ṣe, ó fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún, ó tẹjú ti òsì mọ́ inú ìkòkò aró, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Èyí ṣì mọ dúdú yàtọ̀ sí àyìnrín tí kò tíì dúdú tó," ló wí.

Ó jókòó sórí àpótí, ó kọjú sí oòrùn. "Gbé dígí rẹ wá."