Àwòrán Orí Tó Há Sínú Àká

Ìyá Wáyà ni wọ́n ń pe obìnrin tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn náà, bẹ́ẹ̀ kò tíì bímọ kankan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fi ẹ̀dà tuntun ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà sórí àwọn ti yàrá iṣẹ́-abẹ. Ètò ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń lò níbẹ̀, irú èyí tí tẹrútọmọ lè tú inú rẹ̀ wò. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bu tíì ni nọ́ọ̀sì àgbà pè é lórí fóònù.

"Àbúrò mi, àwòrán kankan ò ṣí níbí o! Wọ́n sì ti fún aláìsàn lóògùn oorun."

Ó sáré lọ síbẹ̀.

Inú àká kan ni gbogbo àwòrán inú ara tí wọ́n ya fún aláìsàn wà, ẹ̀rọ ńlá kan ní yàrá ìsàlẹ̀ tí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù ń gba ojú wáyà bá sọ̀rọ̀. Ilé iṣẹ́ tó tà á kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ èdè rẹ̀. Ètò tiwọn nìkan ló gbọ́ ọ, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sì ṣe irú rẹ̀ fún ètò ọ̀fẹ́ kí wọ́n tó kógbá sílé. Ẹ̀dà tuntun àárọ̀ yìí kò gba ètò wọn yẹn mọ́.

Káfíńtà kan ló sùn fọnfọn lórí tábìlì, wọ́n ti fá orí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti dì sábẹ́ egungun orí rẹ̀, àwòrán yẹn ló sì máa fi ojú ibẹ̀ hàn. Bí wọ́n bá gbé e padà lọ ya òmíràn, ó lè kú sọ́nà.

"Ṣé kí n máa méfò ni?" Dókítà tó fẹ́ ṣe iṣẹ́-abẹ náà kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù ba Ìyá Wáyà jù.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi láyè díẹ̀."

"Díẹ̀ náà ló kù fún un."

Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Tó bá ní kóun dá kọ̀ǹpútà padà sí ẹ̀dà ti tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó parí. Àmọ́ àwọn kan wà tí kò mọ̀ rí, tí wọ́n ti tẹ́tí sí ohun tí irú àká bẹ́ẹ̀ ń sọ lójú wáyà, tí wọ́n sì fi kọ ètò tiwọn fún gbogbo ayé. Ó fà á wálẹ̀ látorí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìkìlọ̀ ló kọ́kọ́ rí: Ètò yìí lè ba fáìlì yín jẹ́.

Gbogbo àwòrán aláìsàn ìlú ló wà níbẹ̀, ti màmá rẹ̀ gan-an wà níbẹ̀. Ó pe ọ̀gá rẹ̀, kò gbé e.

"Kí lo ń dúró dè?" nọ́ọ̀sì béèrè.

"Ó lè ba gbogbo ẹ̀ jẹ́, mà."

"Ẹni tó wà lórí tábìlì ńkọ́?"

Ó pàṣẹ fún ètò náà pé kó kà nìkan, kó má kọ ohunkóhun. Ó tẹ̀ ẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú kirikiri.

"Ṣé ẹ̀rọ náà ti kú ni?" nọ́ọ̀sì béèrè.

"Mi ò mọ̀, mà. Mi ò mọ̀."

Lójijì orúkọ àwọn aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde, lẹ́yìn náà ni orí káfíńtà yọ, funfun báláú, ẹ̀jẹ̀ dídì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ó ti tó," Dókítà wí, ó sì mú ọ̀bẹ.

Ìyá Wáyà lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri títí wọ́n fi parí.

Káfíńtà yè. Nígbà tó jí, ó ní ta ló fá irun òun láìgbàṣẹ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n kó gbogbo àwòrán lọ sínú àká tí èdè rẹ̀ kì í ṣe àṣírí. Díẹ̀ nínú wọn kọ̀, wọn kò ṣí rárá. Ìyá Wáyà fúnra rẹ̀ ló pe àwọn tó ni àwòrán wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n padà wá ya òmíràn.