Ìgbà Mẹ́ta Tí Wọ́n Ní Ìyá Ṣubú

Ara Ẹnjiníà ò balẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti ń jókòó tó tún ń dìde, tó ń yí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ po. Ta lara rẹ̀ máa balẹ̀? Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kan ni fóònù rẹ̀ pariwo pé ìyá rẹ̀ ṣubú. Lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló sì sáré délé ìyá tó bá a nídìí maṣíìnì ìránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tó ń ránṣọ rẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ọmọ mi, n ò ṣubú o."

"Mọ́mì, ẹ ṣubú, ẹ ti gbàgbé ni. Ẹ̀rọ yẹn kì í parọ́."

Ó ń fọwọ́ sọ̀yà, ṣebí òun ló ya àwòrán ẹ̀rọ tó ń mọ̀ bí èèyàn bá ṣubú, èyí tó wà nínú aago ọwọ́ ìyá: àwo pẹlẹbẹ kan tó kéré ju hóró iyọ̀ lọ, tí ẹsẹ̀ mẹ́rin tín-ín-rín gbé dúró. Kí wọ́n tó ṣe é rárá ló ti dán an wò lórí kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà sì ní kò séwu. Ló bá ní kí ìyá fi iṣẹ́ sílẹ̀, kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kí ló dé tó fi jẹ́ ìdí maṣíìnì nìkan ni ìyá ti ń ṣubú? Ó ṣí ìdánwò àtijọ́ tó ṣe lórí kọ̀ǹpútà náà. Yéè! Ìdá kan nínú mẹ́rin àwo náà, ẹlẹ́sẹ̀ kan péré, ló fún kọ̀ǹpútà ṣírò, tó ní kó ka mẹ́ta tó kù sí bákan náà. Ìkánjú ni, kí iṣẹ́ lè tètè parí. Ìdá kan ò sì lè fi hàn bí odindi ṣe máa ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ó gbé odindi sí i, ó fi gbígbọ̀n maṣíìnì kún un. Wákàtí mẹ́ta gbáko ló fi ń jẹ èékánná. Àbájáde dé: maṣíìnì ń gbọ̀n, ọwọ́ ìyá ń bá a gbọ̀n, àwo ń fì sọ́tùn-ún sósì, ẹ̀rọ ń ké pé èèyàn ṣubú.

Ojú tì í gidigidi. Kò tiẹ̀ pa kọ̀ǹpútà tó fi sáré lọ sílé ìyá.

"Mọ́mì, ẹ dárí jì mí. Ẹ ò ṣubú rárá. Èmi ni mo ṣàṣìṣe."

Ìyá bi í pé, "Orí mi ò wá dàrú nìyẹn?"

"Orí yín pé pérépéré."

"Ọlọ́run ṣeun. Mo ti ń sunkún lórí ẹ̀."

Ìgbà náà ni Ẹnjiníà rí i pé ìdí fèrèsé ṣófo. "Maṣíìnì yín dà?"

"Wọ́n wá gbé e láàárọ̀. Mo ti ta á." Ìyá ń fọwọ́ ra ìka ara rẹ̀. "Mo mọ̀ pé n ò ṣubú. Ṣùgbọ́n ìwọ lo kàwé, mo bá gba tìẹ."